Candido da Rocha, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Owó

Ìnáwó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí ọ̀rọ̀ owó ń gba ẹnu wa kan bí ìgbà tí àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ bá ń palẹ̀ mọ́ láti wálé. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́wàá ṣọ́wọ́ ná ní ìlú òkèèrè a fẹ́ kí àwọn ará ilé rí òun bí olówó fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹni tí ó wà nílé a sì fẹ́ kí àlejò bá òun nínú agbádá tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ni ó fi rán an. Nígbà tí a ní kí n kọ ìtàn ìgbésí-ayé ẹni ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́ sínú ìwé ọdọọdún wa yìí, n kò wá ọba, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá jagunjagun. Olówó ni mo wá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo sì rí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọmọ kan bá ń yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu pé kí ó ra èyí, kí ó ra tọ̀hún, ìyá náà a bi í léèrè bóyá Da Rocha ni òun. Bí àgbàlagbà kan bá ná owó ju agbára rẹ̀ lọ, wọn a ní ó ń ṣe bíi Da Rocha. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń pe orúkọ náà kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ìlú, áḿbọ̀sì pé a ó mọ̀ pé Iléṣà ni a ti kó baba rẹ̀ lọ sí oko ẹrú. Orúkọ rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ fún ìná-àpà. Lójú tèmi, ìyẹn kò tọ́ sí i, ohun tí mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an.

Ní ọdún 1840 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ bọ́ sí ọwọ́ àwọn akónilẹ́rú ní Iléṣà. Esan ni orúkọ rẹ̀. Ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí ayé kò rọgbọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ogun Ìlọrin ti dé Òṣogbo, ọmọ tí a bá rán lọ sí odò sì lè ṣàì padà wá mọ́. Wọ́n kó Esan sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e kọjá sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsílì. Ẹ kíyè sí i pé láti ọdún 1831 ni òfin ilẹ̀ Bùràsílì fúnra rẹ̀ ti ka kíkó ẹrú wọlé láti ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kò ka òfin náà sí, nítorí èrè tí ó wà níbẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ṣe di ọjà lọ́nà tí òfin ilẹ̀ tí a tà á sí kò tilẹ̀ gbà. Níbẹ̀ ni ó ti di João da Rocha, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí orúkọ Esan sọnù. João Esan da Rocha ni a mọ̀ ọ́n sí títí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Bahia, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí owó jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó jẹ́ fún ọmọ tí wọ́n bí. Ní ìlú Salvador, tí í ṣe olú-ìlú Bahia, kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó wà nínú oko ìrèké. Ọ̀pọ̀ ni olówó wọn máa ń rán jáde ní òwúrọ̀ kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe láàrin ìlú. Àwọn ọkùnrin a máa ru ẹrù ní èbúté, wọn a máa pọn omi láti ojúsun lọ tà fún àwọn onílé, wọn a sì máa gbé àwọn ọlọ́lá lórí àga kiri. Àwọn obìnrin a máa kiri oúnjẹ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹrú náà a san iye tí a ti bù fún un fún olówó rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, tirẹ̀ ni. Ìyókù kékeré yìí ni wọ́n ń tọ́jú, ọdún lórí ọdún, títí yóò fi tó iye tí a ó fi ra ìwé òmìnira.

Nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan kò gbérù dé orí, wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń dá owó sínú àpótí kan gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ń dá èsúsú nílé. Ẹni tí ó bá kàn a kó owó náà, a fi ra ara rẹ̀, kò sì ní dá owó dúró nígbà tí ó bá ti bọ́. A máa dá a lọ títí àwọn yòókù yóò fi bọ́. Ẹ rò ó wò. Kò sí lọ́yà láàrin wọn, kò sí kóòtù tí yóò gba ẹjọ́ ẹrú tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lówó, síbẹ̀ àpótí náà kún. Ní ọdún 1857, nígbà tí ìjọba ìlú Salvador pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn alágbàṣe wọ̀nyí san owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n sì fi àmì irin kọ́ ọrùn, wọ́n kó ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹrù sì jókòó ní èbúté bí òkúta. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, owó kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe fáàrí. Ara rẹ̀ gan-an ni owó. Kọ́bọ̀ tí ó bá ná sí ọtí lónìí, bí ìgbà tí ó dá ìka ọwọ́ rẹ̀ kan padà fún olówó rẹ̀ ni. Inú ayé yìí ni João Esan ti dàgbà, inú rẹ̀ ni ó ti di òmìnira, tí ó fẹ́ Angelica, tí wọ́n sì bí Candido ní ọdún 1860.

Ìdílé náà kò dúró de ọdún 1888 tí wọ́n fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsílì. Candido ṣì kéré nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Èkó. Wọn kò lè tẹ̀ síwájú kí wọ́n dé Iléṣà kí wọ́n sì máa gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn, nítorí ọ̀nà kò dán mọ́rán, nígbà tí ó sì di ọdún 1877, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Èkó ni wọ́n jókòó sí, láàrin àwọn Àgùdà ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ni bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alásè tí ó dára jù lọ ní Èkó ìgbà náà. Ọmọ Àgùdà ni ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀ láti òkè òkun, kì í ṣe àpótí wúrà.

Ní òpópó Kakawa ni ilé João Esan wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní àrà Bùràsílì. Ohun tí ó sọ ilé náà di olókìkí kì í ṣe fèrèsé rẹ̀. Èkó jẹ́ ìlú tí omi yí ká tí kò sì ní omi mímu. Omi ọ̀sà ní iyọ̀, kànga gbogbo ìlú kò jìn, ìdọ̀tí sì ń wọ inú wọn. Ilé Da Rocha ní omi tí ó mọ́ nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún ará ìlú. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Ilé Omi. Ọkùnrin tí ó ti gbé ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi orí ru omi tà kí wọ́n lè ra ara wọn padà kò lè ṣàì mọ iye tí omi tó.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ibi tí olówó ìgbà àtijọ́ ti rí owó. Wọn a ní ó ṣèèṣì gbẹ́ wúrà ni, wọn a ní ó bá àpótí pàdé létí òkun ni, àwọn mìíràn a tilẹ̀ sọ ohun tí kò yẹ kí a kọ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ó dùn mọ́ ènìyàn láti gbọ́ pé owó jẹ́ ohun tí a ń bá pàdé, nítorí bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní kò jẹ̀bi ohunkóhun ju pé kò ì tíì bá tirẹ̀ pàdé lọ. Ta ni ó fẹ́ gbọ́ ìtàn omi tí a ń tà ní korobá korobá?

Baba Candido rán an lọ sí ilé-ìwé Gírámà ti CMS ní Èkó, ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí Herbert Macaulay náà kà. Ìjọ Àgùdà ni ìdílé Da Rocha, ilé-ìwé Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni èyí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni baba náà ń wá. Àbúrò Candido tí ń jẹ́ Moyses lọ sí Edinburgh, ó sì padà wá di dókítà oníṣègùn. Candido ní tirẹ̀ yan òwò. Ó ṣí hótẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó tí ó pè ní Bonanza, ó ra ilẹ̀ àti ilé, lẹ́yìn náà ó wá kọ ojú sí iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀, èyíinì ni yíyá àwọn oníṣòwò lówó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń yá owó láì mọ ohun tí a ń tọwọ́ bọ̀. Láti ọdún 1861 tí Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé fún àwọn tí ó ní ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹbí látayébáyé, tí kò sí ẹni tí í tà á, wá di ohun tí a lè ká mọ́nú bébà kan kí a sì fi sínú àpò. Oníṣòwò tí ó bá ń fẹ́ owó láti fi ra epo tàbí èkùrọ́ a mú ìwé náà tọ ayánilówó lọ. Olówó a wo ìwé, a lọ wo ilé, a sì wo ojú ẹni tí ó fẹ́ yá owó, nítorí ìwà ẹni jẹ́ ìdógò pẹ̀lú. Wọn a kọ ojú owó sílẹ̀, wọn a kọ èlé, wọn a kọ ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí ó san án, a gba ìwé rẹ̀ padà. Bí kò bá san án, ó di kóòtù, láti kóòtù ó di gbàǹjo.

Ilé-ìfowópamọ́ ńlá tí ó wà ní Èkó ní àkókò náà ni Bank of British West Africa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1894. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ni ó dá a sílẹ̀, àwọn òyìnbó oníṣòwò ni ó sì mọ̀ jù. Ènìyàn dúdú tí ó fẹ́ yá owó níbẹ̀ a lọ a bọ̀ títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ. Nítorí èyí ni Candido da Rocha pẹ̀lú J. H. Doherty, ògbóǹtarìgì oníṣòwò aṣọ, àti Sedu Williams fi para pọ̀ dá ilé owó kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Lagos Native Bank. Kò pẹ́ tí ó fi kógbá sílé. Kì í ṣe gbogbo ohun tí olówó bá dáwọ́ lé ni ó ń yọrí sí rere, ó sì yẹ kí a kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú. Da Rocha padà sí àyè ara rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìtàn yìí mọ́lẹ̀. Èlé a máa jẹ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì jí lówurọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ẹni tí ń lu agogo gbàǹjo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ayánilówó tí kò ní àánú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe òwò náà ní sogúndogójì, ìjọba sì ṣe òfin pé kí àwọn ayánilówó máa gba ìwé àṣẹ. Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ kan ṣoṣo tí yóò yọ ìwé ilé ẹbí lọ fi dúró láì jẹ́ kí àwọn ìyókù mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn adájọ́ Èkó dá a lẹ́jọ́ pé ọmọ kan kò lè ta ilé ẹbí tàbí fi í dógò láìsí ìmọ̀ olórí ẹbí, ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó parí, ìfẹ́ tí ó wà láàrin ọmọ ìyá ti tán. Ẹni tí ó bá ń bínú sí olówó nìkan, kí ó béèrè pẹ̀lú ohun tí a fi owó náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé epo ni a fi rà, tí ọjà sì kù, àánú ẹni náà ṣe mí. Bí ó bá jẹ́ pé òkú ni a fi sin, tí a fi ọjọ́ méje lu ìlù, ta ni ó lé e níré?

Àwa Ìjẹ̀ṣà kò yẹ kí á ṣe bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí òyìnbó tó dé, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san án, olówó lè rán ológò sí i. Ológò a wá jókòó ti ilé onígbèsè, a máa bú èébú, a máa pa adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí jẹ, títí gbogbo agbolé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri. Ẹlòmíràn a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó, èlé nìkan ni. Kò dín ojú owó kù ní ẹyọ kan. Bí ó bá ṣe ogún ọdún níbẹ̀, iye tí baba rẹ̀ yá ni yóò ṣì san. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀fà wọ̀nyí ni ó wà lóko nítorí òkú tí a sin kí àwọn fúnra wọn tó gbọ́n.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, aṣọ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀ṣà sì ń rù ú káàkiri Èkìtì, Àkókó, Ìgbómìnà, títí dé ilẹ̀ Tápà. Wọ́n ń tà á ní àwìn, iye rẹ̀ sì ju ti ẹni tí ó san owó lójú ẹsẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ ìsanwó, Ìjẹ̀ṣà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, a ní òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá, orúkọ tí wọ́n fi ń bú wa tẹ́lẹ̀ kí ó tó di oríkì. Da Rocha ń ṣe irú òwò yìí kan náà ní Èkó. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òun kò ní í lóṣòó fúnra rẹ̀; ìwé ilé ni ó ń lóṣòó fún un, nínú àpótí, lọ́sàn-án àti lóru.

Ẹ wá wo ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Òṣómàáló tí kò tijú láti lóṣòó ní Ìkàrẹ́ nítorí sísì kan, bí ó bá dé ilé ní ìgbà ọdún, ojú a tì í láti sọ pé òun kò ní owó tí òun yóò ná lé elégbè lórí. A mọ owó gbà, a mọ̀ ọ́n kó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí ará ilé yóò wí a máa gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa láàrin ọjọ́ mẹ́ta. N kò yọ ara mi sílẹ̀ nínú èyí.

Ará Èkó ní ìtàn púpọ̀ nípa bí Da Rocha ti ń náwó. Wọ́n ní ìlú Òyìnbó ni ó ń fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí fún fífọ̀. Wọ́n ní a máa dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ilé Omi, a sì máa da owó sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí ń ṣe gìrọ́gìrọ́ ní ìsàlẹ̀. Wọ́n pè é ní ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní mílíọ̀nù ní ilẹ̀ wa. Èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn àti èyí tí ó jẹ́ àsọdùn ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a tilẹ̀ gbà wọ́n gbọ́ gbogbo. Kí ni ó ń jù sílẹ̀ láti òkè? Kọ́bọ̀ ni. Ìwé ilẹ̀ kò bọ́ láti òkè Ilé Omi rí. Ẹnikẹ́ni kò rí i kí ó da omi inú kànga sílẹ̀ láti fi ṣe àríyá. Owó tí ojú àwọn ènìyàn rí ni èyí tí ó ti inú èrè jáde, bí ewé tí igi ń wọ̀. Èyí tí ojú wọn kò rí ni gbòǹgbò, òun kò sì fi ọwọ́ kan gbòǹgbò. Àwa tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe onínàákúnàá, èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ nìkan ni a rí.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé a bí i ní Bahia, tí ó sì gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Èkó, ó gbàgbé ilé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, pàápàá àwọn tí ó ti oko ẹrú dé, ni ó dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ni ó ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ògo Ìjẹ̀ṣà, Ògèdèǹgbé, lójú ogun Kírìjì, tí wọ́n sì ń bá ìjọba Èkó sọ̀rọ̀ kí àlàáfíà lè wà. A kọ ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ogun sì tú ká ní ọdún 1893. Bí àwọn ẹni tí a ti tà ṣe fi owó ara wọn gba ìlú tí wọn kò gbé padà nìyí. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ka àwọn wọ̀nyí sí baba ńlá wọn. Láàrin irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Candido ti di ọkùnrin. Iléṣà pẹ̀lú kò gbàgbé rẹ̀: oyè Lodifi ti Iléṣà ni ó jẹ títí ó fi kú. Ọmọ ẹni tí a kó lọ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá padà jẹ oyè ní ìlú tí a ti kó baba rẹ̀.

Ṣé kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìwàrà díẹ̀? Kòkó ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ baba wa di ènìyàn, àwọn àgbà sì mọ̀ pé kòkó ní ọdún ọlá àti ọdún ìyà. Iye owó rẹ̀ ga fíofío lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì wó lulẹ̀ láàrin ọdún 1920 sí 1921. Ó tún wó lẹ́yìn 1929. Àwọn tí ó fi owó ọdún ọlá kọ́ ilé tàbí rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé rí ohun tí ó dì wọ́n mú. Àwọn tí ó ti ná an tán fi oko dógò. Bí a bá fi oko kòkó dógò, olówó ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀, kòkó tí ó ká kò sì dín gbèsè kù. Bí ìwọ̀fà ni oko náà rí, ó ń sin olówó, onílẹ̀ sì ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dàgbà tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko baba rẹ̀ kọjá láì lè wọ inú rẹ̀. Nítorí irú èyí ni a ṣe ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún 1935, kí àgbẹ̀ lè máa rí owó yá lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní èlé tí kò ní pa á. Òyìnbó ni ó kọ òfin náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn àpótí àwọn Nàgó ní Bahia yóò mọ̀ pé ohun àtijọ́ ni.

Bí ẹnì kan nínú wa bá jókòó ní London tàbí ní Houston lónìí, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí ó sì ń yá owó lọ́wọ́ báńkì ibẹ̀ kí ó lè wálé wá ṣe ìnáwó, ó yẹ kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó sọ òtítọ́ fún ara wọn. Ará ilé kò mọ iye tí iná àti ilé ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò sì sọ ọ́, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n kà á sí ẹni tí kò rí ṣe. João Esan kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Gbogbo Èkó ni ó mọ̀ pé ẹrú ni ó ti jẹ́ rí àti pé omi ni ó ń tà.

Candido da Rocha pẹ́ láyé. Nígbà tí a bí i, owó ẹyọ ni àwọn ará Iléṣà ń ná, ọ̀kẹ́ kan sì ń gba ẹni tí yóò rù ú. Ó rí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó borí owó ẹyọ, ó rí kọ́bọ̀ onihò, ó rí pọ́n-ùn oníwèé. Ó rí ìdàpọ̀ Gúúsù àti Àríwá ní ọdún 1914, ó rí ogun àgbáyé méjèèjì, ó sì wà láyé nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ọdún 1959 ni ó kú, ó ku díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún náà gan-an ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tí orúkọ Nàìjíríà nìkan wà lára rẹ̀. Òun kò ná nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1969, Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Bùràsílì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, tẹ ìwé ìtàn-àròsọ kan jáde tí ó fi Ilé Omi ṣe orúkọ rẹ̀, nítorí náà àwọn ará Bahia náà ti gbọ́ nípa ilé tí ó wà ní òpópó Kakawa. Omi ẹ̀rọ ìjọba ti dé Èkó láti Ìjù tipẹ́ kí ìwé náà tó jáde. Kò sí ẹni tí ó tún ń gbé korobá lọ sí ọgbà Da Rocha mọ́, ṣùgbọ́n Ilé Omi ni wọ́n ṣì ń pè é.